Bí Mo Ṣe Gbé Lazarus Sórí Láptọ́ọ̀pù Mi

Mo fẹ́ ṣe ètò kékeré kan tí ìyá mi á máa fi kọ orúkọ àwọn tó ń ra ọjà àwìn ní ṣọ́ọ̀bù. RAM 4GB péré ni láptọ́ọ̀pù mi ní, dátà náà ò sì pọ̀. Mo wo Visual Studio, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, mo rí iye gígábáìtì tó ń béèrè, mo yáa lọ sọ́dọ̀ Lazarus, irinṣẹ́ míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, Pascal ni èdè rẹ̀, inú fáìlì kan ṣoṣo tí mo dáńlóòdù ní lazarus-ide.org ni Free Pascal, kọ̀ǹpáílà rẹ̀ tó ń sọ kóòdù di ètò, sì wà. (Iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Megido ló kọ́kọ́ kú. Nígbà tí wọ́n jí i dìde ní 1999, ẹ̀yin náà mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Lazarus.)

Kò sí wàhálà níbi ká gbé e sórí ẹ̀rọ. Mo jẹ́ kó wà ní C:\lazarus, torí mi ò fẹ́ fódà tí àlàfo wà nínú orúkọ rẹ̀. Nígbà tó ṣí, mo tẹ "Start IDE", fọ́ọ̀mù òfìfo yọ. Mo gbé TButton (bọ́tìnì) sí i, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ:

ShowMessage('Ẹ káàbọ̀');

Mo tẹ F9 kí ètò náà ṣí, mo tẹ bọ́tìnì náà, ọ̀rọ̀ náà jáde tàmìtàmì.

Kíka lẹ́tà ló gba làákàyè. Mo fi Length, àṣẹ tó ń sọ gígùn ọ̀rọ̀, wọn "Ọ̀ṣun", ó ní 10! Báìtì (ìwọ̀n àyè tí lẹ́tà ń gbà nínú kọ̀ǹpútà) ló ń kà: Ọ gba 3, àmì orí rẹ̀ gba 2, ṣ gba 3, u àti n gba 1 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi LazUTF8 sínú uses (ibi tí a ti ń to àwọn yúnìtì tí kóòdù máa lò), kí ẹ lo UTF8Length. Ìyẹn á ní 5, torí ó ka àmì orí Ọ sí ọ̀tọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé orúkọ tó gùn, UTF8Copy ni kẹ́ ẹ lò. Copy lásán lè la lẹ́tà sí méjì.

Fáìlì .exe tó kọ́kọ́ jáde tóbi gan-an, nítorí ẹrù debugger (irinṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe) tó kún inú rẹ̀. Nínú Project Options, lábẹ́ Build modes, mo tẹ "Create Debug and Release modes", mo yan Release, ó sì fọn. Mo fi fláàṣì gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, kò béèrè DLL (fáìlì àfikún tí ètò máa ń gbára lé) kankan. CSV, fáìlì ọ̀rọ̀ tí kọ́mà pín, ni mo ń kó orúkọ sí o. Ẹni tó bá lo SQLite (dátábéèsì) yóò gbé sqlite3.dll tẹ̀ lé e.