Bí A Ṣe Ń Tú Ewì Palẹ̀: Adìyẹ Tó Bà Lókùn

Kí ẹ tó mú bírò, ẹ ka ewì náà sókè lẹ́ẹ̀mejì. Etí ni ewì Yorùbá ń gbé. Ẹ jẹ́ ká fi òwe kan tí tilé toko mọ̀ ṣe é, torí ewì lòun náà:

Adìyẹ bà lókùn,
Ara ò rọ okùn,
Ara ò rọ adìyẹ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìhun rẹ̀. Ibi tí ẹ ti sinmi ni ìlà parí sí. Adìyẹ ló ṣí i, adìyẹ ló tì í. "Ara ò rọ" wá lẹ́ẹ̀mejì. Àwítúnwí nìyẹn, àmọ́ ẹ má kàn dárúkọ rẹ̀ kọjá. Ẹ wo ohun tó yí padà níbẹ̀: ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nìkan ni. Tó bá jẹ́ ewì alohùn tó gùn, ẹ tún béèrè ẹni tó ń ké e. Ọdẹ ló ni ìjálá. Ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ ló ni ẹkún ìyàwó.

Ìwọ̀n ohùn ló kàn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti pẹ́ jù. Sílébù tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ àti èyí tí wọn ò tẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ọ̀pọ̀ ewì Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má gbé òṣùwọ̀n yẹn wá bá tiwa. Ohùn mẹ́ta la ní, ẹ fi dò (ohùn ìsàlẹ̀), re (ohùn àárín), mí (ohùn òkè) kọ wọ́n sílẹ̀:

re dò re dò mí dò
re re dò re re dò
re re dò re re dò re

Inú mi máa ń dùn sí èyí gan-an. Mí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, orí "ló" inú "lókùn" ló bọ́ sí, níbi tí ẹsẹ̀ adìyẹ ti kan okùn. Látìgbà náà, ohùn ò gòkè dé mí mọ́. Ìlà kẹta sì jẹ́ ìlà kejì gan-an, re kan ló lé. Ìlà méjì àkọ́kọ́ balẹ̀ sórí dò. Ìkẹta ò balẹ̀, ó ń fì lókè.

Ìgbà yìí ló tó yẹ kí ẹ sọ ìmọ̀lára inú rẹ̀. Ẹ má sáré kọ pé "ewì yìí bani nínú jẹ́". Ẹ fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn, báyìí: "Àìbalẹ̀ ara ni ewì yìí ń sọ. Ó fún okùn lára bí ẹ̀dá, kò dá ẹnì kankan lẹ́bi, ohùn tó fi parí ò sì wálẹ̀."