Nígbà tí gbogbo ẹ̀ka ń fún ara wọn ní 5 nínú 5

Fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò àjọṣiṣẹ́, èyí tí òṣìṣẹ́ fi ń sọ bí àwọn ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ sí, ń padà wá pẹ̀lú 5 látòkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjà ń há sáàárín àwọn tó ń tajà àti àwọn tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí.

Ohun tó fà á ò fara sin. Orúkọ wà lórí fọ́ọ̀mù, ọ̀gá ẹ̀ka ló sì ń gbà á. Ta ló fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀gá kì í gbọ́ tẹni?

A yọ orúkọ kúrò. Ẹ̀ka tí èèyàn rẹ̀ kò tó 5, a da èsì rẹ̀ pọ̀ mọ́ òmíràn kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó kọ ọ́. "Ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa?" di "Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó lo dúró de ìdáhùn ju ọjọ́ 1 lọ? Ẹ̀ka wo?"

Ìpíndọ́gba nìkan á tan yín jẹ: bí èèyàn 5 bá fún ẹ̀ka kan ní 1, tí 5 mìíràn fún un ní 5, 3 lẹ máa rí. Ẹ wo bí nọ́ńbà ṣe fọ́nká. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìwé ọ́dà (ìwé tí wọ́n fi ń béèrè ọjà) 20 yọ, kí ẹ wo aago tí ẹ̀ka kan fi í ránṣẹ́ àti aago tí èkejì fọwọ́ sí i. Ibi tí ìwé àti fọ́ọ̀mù bá ti takora ni kí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀.