Bí A Ṣe Ń Gba Ilé Olówó Ńlá fún Oṣù Kan tàbí Jù Bẹ́ẹ̀ Lọ ní Erékùṣù Èkó

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston wálé nítorí ìgbéyàwó, ìsìnkú òbí tàbí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ló máa ń kọ́kọ́ béèrè pé èló ni alẹ́ kan. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí pé owó tí wọ́n bá pè fún alẹ́ kan ní Victoria Island tàbí Ìkòyí kì í sábà jẹ́ gbogbo owó tí yóò jáde lápò àlejò, ohun tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ sínú ìwé ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí àlejò bá ń kó ẹrù rẹ̀ jáde. Àlàyé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ lo oṣù kan sí mẹ́fà ní erékùṣù Èkó, tó sì fẹ́ kí ibi tí òun ń gbé dùn ún gbé.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ irú ibùgbé tó bá ìdúró yín mu. Òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá bíi Federal Palace, tó ti wà láti ọdún òmìnira, 1960, tàbí Eko Hotel, tó ṣílẹ̀kùn ní 1977, máa ń pa iná, omi, ààbò àti títẹ́ bẹ́ẹ̀dì pọ̀ sínú owó kan ṣoṣo. Ilé short-let jẹ́ fúláàtì tí wọ́n ti kó àga, bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì àti ohun ìdáná sí, tí ẹni tó ń mójútó o sì ń wá gbálẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá jọ dá. Ẹ̀kẹta ni ilé ọlọ́dọọdún nínú àwọn ilé gíga olókìkí bíi 1004, tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ní àwọn ọdún 1970, tó sì gba orúkọ rẹ̀ láti inú iye fúláàtì tó wà níbẹ̀, tàbí Eko Pearl Towers ní Eko Atlantic, lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òkun. Ẹni tó bá gba ilé ọlọ́dọọdún yóò san owó ìwé àdéhùn, owó ájẹ́ǹtì àti service charge, ìyẹn owó ìtọ́jú àti ààbò gbogbo ọgbà ilé náà, lọ́tọ̀, yóò sì tún ra ohun tí yóò fi tún inú ilé ṣe, nítorí náà kò bọ́gbọ́n mu fún ẹni tí kò ní lò tó ọdún kan.

Ní tèmi, ẹni tí kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí ó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, kí ó sinmi. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí dé oṣù mẹ́fà, short-let ló dára jù, pàápàá fún ẹni tí ọmọ bá pẹ̀lú rẹ̀, tàbí ẹni tí inú rẹ̀ kò lè gba oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì lójoojúmọ́. Àmọ́ ẹ béèrè ohun tó wà nínú ilé ìdáná kí ẹ tó yọ̀. Mo ti rí ilé ìdáná tí ògiri rẹ̀ ń dán bíi dígí, tó sì jẹ́ pé ìkòkò kékeré kan àti páànù tí wọ́n fi ń dín ẹyin nìkan ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Kò sí ọmọrogùn, gáàsì sì ti tán nínú sìlíńdà. Ẹni tó fẹ́ ro àmàlà ní irú ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sọ́jà ná.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ yan àdúgbò, ẹ sì jẹ́ kí ibi tí iṣẹ́ yín wà darí yín. Bí ilé tí ẹ ń kọ́ bá wà ní Ìkòròdú, tó sì jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ẹ óò máa gba orí afárá Third Mainland kọjá, ìdajì ọjọ́ ni ẹ óò máa fi jókòó sínú mọ́tò, Ikeja GRA ni yóò sì gbà yín. Bí ó bá jẹ́ Lẹ́kkí ni ẹ fẹ́, afárá tó so ó pọ̀ mọ́ Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní 2013, máa ń dín ìrìn kù, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé òpópónà tí ilé náà wà gan-an, kì í ṣe lọ́wọ́ ájẹ́ǹtì, bóyá omi máa ń mù ún nígbà òjò oṣù kẹfà àti ìkeje. Ní ti oṣù Kejìlá, gbogbo ayé ló ń wálé nígbà náà, owó ilé a sì máa ròkè lálá. Ẹni tí kò bá tíì gba ilé kí oṣù Kẹwàá tó parí, ohun tó bá kù ni yóò rí.

Ìṣirò owó ló kàn. Ká ní wọ́n pe ilé kan ní ₦150,000 fún alẹ́ kan: ọgbọ̀n alẹ́ jẹ́ ₦4,500,000. Bí wọn kò bá tíì ka owó-orí mọ́ ọn, VAT tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún yóò fi ₦337,500 lé e, owó-orí ìlò tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń gbà lórí òtẹ́ẹ̀lì àti irú rẹ̀, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò sì fi ₦225,000 lé e. Ó di ₦5,062,500, ẹ kò sì tíì ra iná, ẹ kò tíì san owó ìdógò tí wọn yóò dá padà fún yín bí ẹ bá ń lọ. Nítorí náà, ẹ béèrè pé kí wọ́n pe owó oṣù fún yín lápapọ̀ pẹ̀lú owó-orí. Oníléèwé kì í fẹ́ kí àga ṣófo, onílé short-let náà kì í fẹ́ kí ilé òun ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dúró fún oṣù kan gbáko lè ná owó náà wálẹ̀ dáadáa, bí ó bá fi sùúrù ná an, tí kò sì fi hàn pé ọkọ̀ òfurufú òun ti fẹ́ balẹ̀. Bí wọ́n bá ní dọ́là nìkan ni àwọn ń gbà, ẹ rántí pé òfin Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2007 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn kọ náírà ní ilẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ iná gba kí á dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí pé òun ló ń ba àwọn ilé tó rẹwà jẹ́. Àdúgbò tó bá wà ní Band A, ìpele tó ga jù nínú bí wọ́n ṣe ń pín iná, ni ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná gbọ́dọ̀ máa fún ní iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, láti oṣù kẹrin 2024 ni owó iná wọn sì ti fò sókè. Ẹ béèrè bóyá ilé náà wà níbẹ̀, ta ló ń ra iná sí mítà, ta ló ń ra díísù ẹ̀rọ amúnáwá, àti aago mélòó sí mélòó ni wọ́n ń tan ẹ̀rọ náà. “Iná wà ní gbogbo ìgbà” kì í ṣe ìdáhùn. Ilé mìíràn ní inverter, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì gbé iná, tí kò lè gbé ju gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n àti fáànù lọ, tí àlejò yóò sì máa làágùn nínú yàrá olówó iyebíye. Nígbà tí ẹ bá lọ wo ilé, ẹ tan gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀ mọ́ èyí tó ń mú omi gbóná ní ilé ìwẹ̀, kí ẹ sì dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí iná bá já, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ tún ṣí fèrèsé yàrá tí ẹ óò máa sùn, kí ẹ wò ó bóyá abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ amúnáwá gbogbo ilé wà.

Ẹni tó bá wà lókè òkun kò gbọdọ̀ sanwó lórí fọ́tò nìkan. Kí ó rán mọ̀lẹ́bí kan lọ, tàbí kí ó pe ájẹ́ǹtì ní ìpè fídíò, kí ó sì ní kí ó rìn láti ẹnubodè wọ inú lífítì títí dé ẹnu ilẹ̀kùn láì pa kámẹ́rà, nítorí àwọn gbájú-ẹ̀ máa ń fi fọ́tò ilé onílé polówó. Bí ilé náà bá jẹ́ tuntun, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí pé ó ti parí, ó sì yẹ fún gbígbé, lọ́wọ́ àjọ tó ń mójútó ilé kíkọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, LASBCA. Kò sẹ́ni tó gbàgbé ilé alájà mọ́kànlélógún tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2021, tó sì pa ju ogójì ènìyàn lọ. Ilé olówó ńlá ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀.

Nígbà náà ni kí ẹ wá fọwọ́ sí ìwé. Òfin ilé gbígbà ti ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣe ní 2011, kò dé Apapa, Ikeja GRA, Ìkòyí àti Victoria Island, èyí tó túmọ̀ sí pé ibi tí ilé olówó ńlá pọ̀ sí jù ni òfin náà yọ sílẹ̀. Ìwé tí ẹ̀yin àti onílé bá jọ tọwọ́ bọ̀ ni yóò gbè yín, nítorí náà kí ó sọ ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìjáde, àpapọ̀ owó, ẹni tó ń san iná àti díísù, iye ìgbà tí wọn yóò máa wá tún ilé ṣe, iye àlejò tí ẹ lè gbà lálejò àti bí wọn yóò ṣe gba kóòdù wọlé lẹ́nubodè, pẹ̀lú ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ lọ ṣáájú àkókò tàbí bí ẹ̀rọ amúnáwá bá bàjẹ́. Bí ẹ bá ní ìdí láti kó ẹbí jọ sínú ilé náà, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ìwé, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì kì í gba àríyá láàyè, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ lé owó ìdógò yín.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, kí ẹ tó tú àpótí, ẹ ya fídíò gbogbo yàrá, ẹ sún mọ́ ibi tí àga ti ya, ibi tí fíríìjì ti họ àti nọ́ńbà tó wà lójú mítà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń mójútó ilé lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ má ṣe já kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kí ẹ sì sáré lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ẹ pe onílé wá ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ jọ fi fídíò ọjọ́ kìíní wo yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ iye owó ìdógò tí yóò dá padà àti ọjọ́ tí yóò san án. Inú àkáǹtì náírà ló sábà máa ń fẹ́ san án sí, nítorí náà ẹni tí kò ní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ti kọ àkáǹtì mọ̀lẹ́bí tó fọkàn tán sínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀.