Ẹ má fọ owó fàdákà yẹn: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí owó ìrántí tó ti mú àwọ̀

Ìyàwó àbúrò mi ní Houston bá owó ẹyọ méjì nínú àpótí kan, tí Amẹ́ríkà fi ṣe ìrántí Booker T. Washington, gbajúmọ̀ olùkọ́ ọmọ adúláwọ̀ ilẹ̀ náà. Etí èyí tó kọ́kọ́ mú pọ́n rúsúrúsú, àárín rẹ̀ sì ń kọ bí aró. Ó rò pé ìdọ̀tí ni. Ó fi ọṣẹ ìfọyín àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun, ó wá fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́: "Ọkọ mi, ẹ wò ó bó ṣe mọ́!" Inú mi bàjẹ́ púpọ̀.

Láàárín 1946 sí 1951 ni Amẹ́ríkà tẹ owó yẹn jáde. Isaac Scott Hathaway ló ya àwòrán rẹ̀, òun sì ni owó ẹyọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gbé ojú ọmọ adúláwọ̀. Ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ fàdákà, ìyókù bàbà. Fàdákà máa ń fa imí ọjọ́ mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ àti inú páálí tí wọ́n fi owó sí. Nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á bo ojú owó, ìmọ́lẹ̀ á sì máa mú àwọ̀ jáde lára rẹ̀, bí ìgbà tí epo mọ́tò bá léfòó lórí omi òjò. Toning nìyẹn. Bí owó méjì bá dọ́gba nínú ohun gbogbo, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ wu ojú lè gba ìlọ́po iye èyí tó funfun.

Fífọ̀ ló ń ba owó jẹ́ jù. Ẹ gbé owó tí wọn ò fọ̀ rí sábẹ́ iná, kí ẹ máa yí i: ìmọ́lẹ̀ á máa sáré yí ojú rẹ̀ ká. Ìlà tíntìntín tó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì á sì ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Omi ìfọfàdákà inú ìgò náà ń jẹ díẹ̀ lára fàdákà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá gbé owó tí wọ́n ti ha báyìí lọ sọ́dọ̀ PCGS tàbí NGC, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ owó ẹyọ wò tí wọ́n sì ń fi nọ́ńbà sọ bó ṣe dára tó, wọ́n á kọ ọ́ sí i pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ rí, kò sì ní rí nọ́ńbà gbà nínú òṣùwọ̀n 1 sí 70.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwọ̀ ló ń mú owó wá o. Èyí tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, tí kò dán mọ́, iye rẹ̀ ti wálẹ̀.

Àwọn kan ń fi ẹyin sísè tàbí iná ààrò fipá mú àwọ̀ wá. Ẹ wo bí àwọ̀ ṣe tò tẹ̀ léra wọn. Lára ojúlówó, àwọ̀ oyin ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà pupa, lẹ́yìn náà àlùkò, kí aró tó dé. Bí aró bá gúnlẹ̀ sórí fàdákà funfun láìsí oyin tàbí pupa láàárín, ẹ fura. Bí wọ́n bá sì fi fọ́tò lásán hàn yín, ẹ ní kí wọ́n ya fídíò owó náà bí wọ́n ṣe ń yí i lábẹ́ iná, torí kò ṣòro láti fi fóònù pa àwọ̀ fọ́tò láró.

Ẹ má sọ páálí àtijọ́ nù. Ọ̀pọ̀ owó ìrántí ayé ìgbà 1930 ni wọ́n fi ránṣẹ́ nínú páálí tó ní ahọ́n tó di owó mú. Ibi tí ahọ́n náà bò máa ń yàtọ̀ sí ìyókù, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì máa ń wá ààmì yẹn. Ẹ má fi rọ́bà so owó, imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì fi í sínú ọ̀rá PVC, tó ń fi nǹkan àwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ sí i lára. Etí ni kí ẹ fi ìka dì mú.

Owó kejì ṣì wà nínú àpótí yẹn ní Houston, nínú bébà tó ti wà láti ìgbà yẹn. Mo ti bẹ ìyàwó wa pé kó má tú u títí n ó fi dé.