Ọjọ́ tí mo dá kíláàsì mẹ́fà kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wa

Tíṣà méjì péré ni wá ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọ wa dá sílẹ̀ ní abúlé kan nítòsí Ìsẹ́yìn. Ẹnìkejì mi ló ń kọ́ kíláàsì kìíní sí ìkẹta, èmi ni mo ni ìkẹrin sí ìkẹfà. Inú gbọ̀ngàn ìjọ kan náà ni gbogbo wa wà. Pátákó ìkọ̀wé la fi dá a sí méjì, bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ ń jókòó lé sì ni àwọn ará ìjọ ń jókòó lé lọ́jọ́ Ìsinmi.

Lọ́jọ́bọ̀ kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, nígbà òjò àrọ̀kúrò, ẹnìkejì mi pè mí ní ìdájí pé ara ọ̀kan nínú àwọn ìbejì òun gbóná mọ́jú, òun ń gbé e lọ sí ọsibítù.

“Ìyá Ìbejì, ẹ tọ́jú ọmọ,” ni mo wí. “Màá bójú tó wọn.”

Mo yára dé gbọ̀ngàn kí àwọn ọmọ tó pé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ kíláàsì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà gbọ́dọ̀ ti wá iṣẹ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ kí òun fúnra rẹ̀ tó lanu. Bí ó bá dúró ti kíláàsì kẹfà tó ń ṣàlàyé, tí kíláàsì kejì kò sì rí nǹkan ṣe, kò ní pẹ́ tí ariwo á fi gba gbogbo ilé. Mo fi ṣọ́ọ̀kì la pátákó ńlá sí ọ̀nà mẹ́ta. Kíláàsì kẹfà gba ìṣirò pípín, irú èyí tó máa ń wá nínú ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ìkarùn-ún gba àyọkà kúkúrú àti ìbéèrè lórí rẹ̀. Ìkẹrin gba ìsọdipúpọ̀ oní-7 àti oní-8, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọsẹ̀. Mo kọ gbólóhùn sórí pátákó kékeré kí ìkẹta dà á kọ, kí wọ́n sì fi àmì ohùn sí i. Kò sí ẹ̀kọ́ tuntun kankan níbẹ̀. Ohun tí ọmọ ti mọ díẹ̀ nípa rẹ̀ ló lè dá ṣe. Ohun tuntun ń fẹ́ tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

A kọrin, a gbàdúrà, mo pe orúkọ, oníkálukú sì kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Mo wá kó kíláàsì kìíní àti ìkejì sún mọ́ ara mi fún ìwé kíkà. Nígbà tí ọmọbìnrin kan ní kíláàsì karùn-ún parí iṣẹ́ tirẹ̀, mo fa ọmọkùnrin kan lé e lọ́wọ́, ọmọ kíláàsì kìíní tó ń kà bíi pé gbogbo ọ̀rọ̀ ní ohùn kan náà. Ọmọbìnrin náà kò pariwo mọ́ ọn. Ó fi ìka bo apá kan ọ̀rọ̀ náà, ó ní kó pe apá tó kù, ó ṣí ìka, ó ní kó pè é pọ̀. “Báyìí kọ́. Gbé ohùn rẹ sókè níbí.” Ó tó ìgbà mélòó kan kí ó tó bọ́ sí i, ṣùgbọ́n nígbà tó bọ́ sí i, ojú àwọn méjèèjì tàn. Èmi gbà pé ẹni tó kọ́ ẹlòmíràn ní nǹkan ń tún un kọ́ fúnra rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í dùn bí òbí bá ní à ń fi ọmọ òun ṣe tíṣà lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn náà ló kan ìṣirò, níbi tí mo ti da gbogbo kíláàsì pọ̀. Ọsàn kan ni mo mú jáde nínú àpò. Mo bó o lójú wọn, mo ya á sí awẹ́, wọ́n ń kà bí mo ṣe ń yà á: awẹ́ 10. A yọ kóró inú rẹ̀ sórí tábìlì, ó jẹ́ 14. Kíláàsì kìíní ló ka kóró. Ìkejì yọ 5 kúrò nínú 14. Ìkẹta pín 14 fún ọmọ mẹ́rin, oníkálukú gba 3, ó ṣẹ́ ku 2, wọ́n sì jiyàn gidi lórí ẹni tó yẹ kó gba méjì náà. Mo fún ìkẹrin ní awẹ́ 3, mo tún fi awẹ́ 4 kún un, wọ́n kọ ọ́ pé 3/10 + 4/10 = 7/10. Ìkarùn-ún sọ 7/10 di 0.7. Ìkẹfà sọ ọ́ di ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ọmọ kíláàsì kẹfà kan ń ṣàlàyé níwájú, mo rí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin tí wọ́n na ọrùn tí wọ́n ń gbọ́ ohun tí kò tíì kàn wọ́n. Kíláàsì tó dá wà kò lè rí irú ẹ̀ jẹ.

Yorùbá ni mo fi kọ́ ọ, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, wọ́n sì fi ẹ̀rí hàn pé ó ṣe é ṣe. Mo máa ń sọ ọ́ fún òbí tó bá ń bẹ̀rù pé a ń fi èdè abínibí dá ọmọ òun dúró.

Lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán ni òjò dé. Ẹni tó bá ti wà lábẹ́ páánù tí kò ní sílíìnì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu parí nìyẹn. Mo kọ ọ́ sára pátákó pé kí kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà kọ lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn tó wà nílùú ńlá, àdírẹ́sì lọ́wọ́ ọ̀tún lókè. Ìkẹta ya ẹ̀yà ara igi ọsàn, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sí i. Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ àwọn kékeré, nítorí ìmọ́lẹ̀ gbọ̀ngàn ti dín kù, ẹ̀rù ààrá sì ń bà wọ́n. Ọlọ́run ló ṣe é tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wá gbálẹ̀ fún ìpàdé ìrọ̀lẹ́. Ó gbé ìgbálẹ̀ tì, ó kó wọn jọ sí ìdí pẹpẹ, ó ń pàlọ́ fún wọn létí. Mo kúnlẹ̀ kí i. “Ẹ ṣeun, mà.” Ó ní, “Ọmọ wa ni wọ́n, tíṣà. Ẹ máa báṣẹ́ lọ.” Ìgbà yẹn ni mo ráyè lọ láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì, tí mo ń máàkì lẹ́tà lójú ẹni tó kọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kọ ibi tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan dé sínú ìwé ẹnìkejì mi, mo wá pè é.

“Ìyá Ìbejì, ara ọmọ ńkọ́?”

“A dúpẹ́, ibà ni. Ó ti lo oògùn, ara ti ń balẹ̀. Àwọn ọmọ yín ńkọ́?”

Mo ní kí ó bá mi tẹra mọ́ kíláàsì kejì lọ́la, pé púpọ̀ nínú wọn kò tíì mọ bí a ṣe ń yá mẹ́wàá bí a bá ń yọ 5 nínú 14, pé kóró ọsàn náà wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.