Ẹ́jẹ́ńsì kan kọ̀wé sí yín pé àwọn fẹ́ràn eré yín? Ẹ rọra ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi iná ṣeré, tẹ́ ẹ ń gbé idà mì, tẹ́ ẹ ń ká ara bí ejò, tẹ́ ẹ ń rìn lórí agéré, ẹ gbọ́ o. Àwọn tó ń wá irú wa ò pọ̀, ìdí nìyẹn tórí wa fi máa ń wú tí ẹ́jẹ́ńsì (àwọn tó ń bá eléré wáṣẹ́) tá ò mọ̀ rí bá já wọ DM, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń mú wa. Wọ́n ti mú èmi náà rí. Ẹnì kan ní òun rí fídíò iná mi, ó yìn mí títí, kò pé ọjọ́ méjì ó ní kí n lọ sanwó fọ́tò lọ́dọ̀ ẹni táwọn máa ń lò, mo san án, mi ò rí fọ́tò, mi ò ríṣẹ́, nọ́ńbà ò lọ mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ kà. Ṣé wọ́n dárúkọ nǹkan kan pàtó nínú eré yín, àbí "ẹ̀bùn yín yàtọ̀" lásán ni, èyí tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni?

Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè iṣẹ́, èyí gan-an ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Tó bá jẹ́ iná, ẹ béèrè bí àjà gbọ̀ngàn náà ṣe ga tó, ẹ béèrè ibi táwọn òǹwòran máa jókòó sí, ṣé àwọn tó ni ibẹ̀ gbà kí wọ́n tan iná nínú ilé, ta ló máa dúró ti ohun ìpaná, íńṣọ́ránsì ta la máa lò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí lóòótọ́, òun gan-an láá kọ́kọ́ bi yín kẹ́ ẹ tó bi í. Onírọ́ á ní "ẹ má ṣèyọnu, a máa bójú tó gbogbo ẹ̀", á wá yára padà sórí owó.

Ẹ wo ímeèlì wọn dáadáa, torí "r" àti "n" tí wọ́n bá fara kanra máa ń jọ "m" lójú fóònù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jí orúkọ ẹ́jẹ́ńsì gidi lò. Nọ́ńbà tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù ẹ́jẹ́ńsì náà fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ tẹ àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù wọn sí lookup.icann.org, á sọ ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó ní òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún 15 tí wẹ́ẹ̀bù ẹ̀ ò ju oṣù kan lọ, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹ fi Google Lens tàbí TinEye, tó máa ń fi ibòmíì tí fọ́tò kan ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì hàn, wá fọ́tò àwọn eléré tí wọ́n ní àwọn ń ṣojú fún, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sáwọn eléré náà tààrà. Ní California, ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí ẹ́jẹ́ńsì gba láísẹ́ńsì kó sì fi ìwé ìdúró (bond) $50,000 sílẹ̀, tó bá ní ibẹ̀ lòun wà, ẹ béèrè nọ́ńbà láísẹ́ńsì náà.

Ọ̀rọ̀ owó: inú owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe ni wọ́n ti ń yọ kọmíṣọ̀n, kì í ṣe kẹ́ ẹ sanwó kíṣẹ́ tó wá. Tí wọ́n bá fi ṣẹ́ẹ̀kì tó ju owó yín lọ ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ fi ìyókù fún ẹni tó ń rán aṣọ eré, ẹ sá jàre! Owó ọ̀hún lè hàn nínú àkáǹtì, kó tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí báǹkì tó mọ̀ pé ṣẹ́ẹ̀kì ayédèrú ni, ẹ̀yin lẹ máa dá a padà.

Tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ ya fọ́tò ìhòòhò ránṣẹ́ torí táttù tàbí torí bẹ́ ẹ ṣe ń ká ara, rárá o, fídíò eré yín ti tó. Kọ́ńtíráàtì ńkọ́? Wọ́n á ní àfi kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú lónìí, torí oníbàárà ń dúró. Èmi máa ń ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ímeèlì, màá kà á lálẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ owó fọ́tò mi yẹn, ẹni tó bínú sí mi lórí ìyẹn, mi ò tún gbúròó ẹ̀ mọ́, iṣẹ́ iná mi sì ń lọ.