Kẹ́ ẹ tó ṣí ẹ̀ka ṣúpámákẹ́ẹ̀tì kejì

Ká ní Ìlọrin ni ṣọ́ọ̀bù yín àkọ́kọ́ wà, tẹ́ ẹ sì fẹ́ ṣí èkejì sí Ọ̀fà. Ẹ jẹ́ kí ti Ìlọrin fi èrè ara rẹ̀ san owó ilé àti dísù fún oṣù 12 kẹ́ ẹ tó ronú kan Ọ̀fà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: wọ́n á fi owó ọjà tí wọ́n gbà láwìn háyà ilé tuntun, pẹpẹ á ṣófo ní ti àkọ́kọ́, oníbàárà á sì gba Ọjà Ọba lọ.

Àkáǹtì ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá wà.

Tí páálí mílíìkì bá dé, ẹ ka déètì ìdí agolo. Èyí tó máa tètè bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ tò síwájú. Lálẹ́ Sátidé, ẹ mú oríṣi ọjà 20, ẹ kà á, kẹ́ ẹ fi wé ìwé. Bí bisikíìtì bá dín, ẹ wo sítọ̀ kẹ́ ẹ tó bú ọmọ tó ń gbowó.